Onome Ebi, Ẹni tí ń Dí Ẹ̀yìn

Bí a bá ń ka orúkọ àwọn tí ó mọ bọ́ọ̀lù í gbá, àwọn tí ń jù ú sáwọ̀n ni a kọ́kọ́ máa ń dárúkọ. Ta ni í ka bọ́ọ̀lù tí kò wọlé? Iṣẹ́ ẹni tí ń dí ẹ̀yìn nìyẹn, òun sì ni Onome Ebi yàn.

Èkó ni a bí i sí ní 1983. Ní 2003, ó bá Super Falcons, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Nàìjíríà, lọ sí ìdíje Ife Àgbáyé ní Amẹ́ríkà. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n gbá. Góòlù 11 ni wọ́n jù sílé wa, àwa kò sì rí ẹyọ kan jù padà. Ẹlòmíràn ìbá ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ebi kò fi í sílẹ̀. Ó fi bọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́ ṣe ní Sweden, Turkey, Belarus àti China. Ó sì wà níbẹ̀ nígbà mẹ́rin tí a gba ife Áfíríkà láàárín 2010 sí 2018.

Ní 2023, ní Australia àti New Zealand, ó pé ọmọ ogójì ọdún. Ife Àgbáyé rẹ̀ kẹfà nìyẹn. Kò sí agbábọ́ọ̀lù Áfíríkà kan, ìbáà ṣe ọkùnrin, tí ó ṣe irú rẹ̀ rí. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin, góòlù méjì péré ni ó wọlé wa, kí England tó fi pẹnáritì borí wa.

Kì í ṣe òun nìkan ni ó ṣe é. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, òun nìkan ni ó ti tọ́ ìkorò ọdún 2003 wò.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, nígbà tí ẹ bá tún ń ka góòlù, ẹ bá wa ka èyí tí kò wọlé pẹ̀lú.