Ta Ló Wà Nínú Aṣọ Náà? Ìtàn Alien Bí A Ti Ń Retí Géèmù Rẹ̀ Tuntun

Àwọn àgbà máa ń wí pé bí eégún ẹni bá jóòóre, orí a máa yáni. Eégún kan wà tí ó jó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1978. Gbogbo ayé ń sá fún un títí di òní, ṣùgbọ́n orí kò yá wa, nítorí pé ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ pé tiwa ni. Eégún náà ni abàmì ẹ̀dá inú fíìmù Alien. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Èkó ni ó wà nínú aṣọ rẹ̀.

Ohun tí ó mú mi wá ìtàn yìí lọ ni ohun kan tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń retí. Ní ọjọ́ 7, oṣù kẹwàá, ọdún 2024, Al Hope, ẹni tí ó darí iṣẹ́ lórí géèmù Alien: Isolation, kéde pé iléeṣẹ́ Creative Assembly ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí apá kejì rẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni géèmù àkọ́kọ́ pé ọdún 10 tí ó ti jáde. Ó ní iṣẹ́ náà ṣì wà ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Láti ìgbà náà, ibikíbi tí àwa tí a fẹ́ràn géèmù bá ti pàdé, ọ̀rọ̀ yìí kì í tán lẹ́nu wa. Ìgbà wo ni yóò jáde? Ṣé yóò dẹ́rù bani bíi ti àkọ́kọ́? Èmi náà ń retí. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń wo iwájú ni mo ń bojú wẹ̀yìn, mo sì rí i pé ẹni tí kò bá mọ ìtàn ohun tí ó ń retí, ìpolówó ọjà ni yóò máa fà á kiri.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orísun. Ní ọdún 1979 ni Alien jáde. Ridley Scott ni olùdarí rẹ̀. Ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì ni: àwọn òṣìṣẹ́ méje wà nínú ọkọ̀ ẹrù kan ní òfuurufú, abàmì ẹ̀dá kan wọlé tọ̀ wọ́n, ó sì ń pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Ellen Ripley ni ó fi ọgbọ́n àti ìgboyà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Sigourney Weaver ni ó ṣe ipa náà. Láti ara fíìmù yìí ni òmíràn ti jáde ní ọdún 1986, 1992, 1997 àti lẹ́yìn náà, títí kan Alien: Romulus ti ọdún 2024.

Kí wọ́n tó ya fíìmù àkọ́kọ́ yìí, ìṣòro kan wà nílẹ̀. Scott kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo abàmì ẹ̀dá náà kí ó sọ pé, “Ènìyàn ló wọ aṣọ.” Ó ń wá ẹni tí ó ga, tí ó tẹ́ẹ́rẹ́, tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò ní gbà pé ènìyàn lè wà nínú aṣọ náà. Inú ilé ọtí kan ní Lọ́ńdọ̀nù ni ọ̀kan nínú àwọn tí ń wá òṣèré ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí gíga rẹ̀ sún mọ́ ẹsẹ̀ bàtà 7. Orúkọ rẹ̀ ni Bọ́lájí Bádéjọ.

Èkó ni wọ́n ti bí Bọ́lájí ní ọdún 1953. Bàbá rẹ̀, Victor Bádéjọ, ti jẹ́ ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ Nigerian Broadcasting Corporation. Bọ́lájí gbé ní Ethiopia àti ní Amẹ́ríkà kí ó tó dé Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ó ti ń kọ́ iṣẹ́ ọnà àwòrán. Kì í ṣe òṣèré, kò sì sí fíìmù kankan tí ó ti ṣe rí.

Àwọn kan lè rò pé gíga nìkan ni ó fi gba iṣẹ́ náà. Rárá o. Wọ́n rán an lọ kọ́ tai chi, eré ìdárayá àwọn ará Ṣáínà tí a fi ń rọra gbé ara jẹ́jẹ́, àti eré aláìfọhùn tí a fi ara nìkan sọ̀rọ̀, kí ó lè mọ bí ẹ̀dá tí kì í ṣe ènìyàn yóò ṣe máa rìn. H. R. Giger, ayàwòrán ará Switzerland, ni ó ya ẹ̀dá náà tí ó sì mọ aṣọ rẹ̀, aṣọ rọ́bà dúdú tí ó dà bí eegun láti òkè dé ilẹ̀. Carlo Rambaldi, ará Ítálì, ni ó ṣe ẹ̀rọ tí ń mú ẹnu inú orí náà ṣí. Aṣọ náà móoru, ó sì ní ìrù gígùn tí kò jẹ́ kí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ lè jókòó sórí àga. Nítorí náà, wọ́n so ìjókòó kan rọ̀ fún Bọ́lájí bíi jangirọ́fà, kí ó lè máa sinmi níbẹ̀ láàárín iṣẹ́. Àwọn méjì mìíràn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ eré eléwu wọ aṣọ náà fún àwọn ibi tí ó le, ṣùgbọ́n orúkọ Bọ́lájí ni wọ́n kọ sí iwájú “Alien” ní ìparí fíìmù. Ní ọdún 1980, Giger, Rambaldi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gba àmì ẹ̀yẹ Oscar fún iṣẹ́ àrà inú fíìmù náà. Ọdún náà ni Bọ́lájí padà sí Nàìjíríà. Kò tún ṣe fíìmù mìíràn mọ́.

Bí ó ti ń gbé ayé rẹ̀ ní Èkó, àwọn oníṣòwò ti ń fi ẹ̀dá tí ó gbé wọ̀ ṣe géèmù. Ní ọdún 1982, ọ̀kan jáde fún ẹ̀rọ Atari 2600. Ó jọ Pac-Man bí ìbejì: à ń sáré kiri inú ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ, à ń fọ́ ẹyin. Orúkọ Alien wà lára páálí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìbẹ̀rù kankan níbẹ̀. Ní ọdún 1984, òmíràn jáde fún kọ̀ǹpútà ilé, eléyìí sì ní làákàyè díẹ̀ sí i. Nínú rẹ̀, ẹ̀rù lè ba àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ náà débi pé wọn kò ní gbọ́ àṣẹ tí a bá pa fún wọn. Lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn géèmù tí ó tẹ̀ lé e fi ìbọn lé wa lọ́wọ́, wọ́n sì kó abàmì ẹ̀dá bí èèrà síwájú wa kí a máa yìnbọn fún wọn. Ohun tí à ń pa ní méjì-méjì, mẹ́ta-mẹ́ta, a kì í bẹ̀rù rẹ̀ pẹ́.

Ẹ̀kọ́ tí ó le jù nínú ìtàn yìí wá ní ọdún 2013, nígbà tí Aliens: Colonial Marines jáde láti ọwọ́ Gearbox àti Sega. Ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń retí rẹ̀, àwòrán tí wọ́n sì fi ń polówó rẹ̀ dára púpọ̀. Nígbà tí géèmù náà dọ́wọ́ àwọn tí ó ti sanwó sílẹ̀, kò jọ ohun tí wọ́n rí. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà lọ́dún náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Sega gbà fún àjọ tí ń mójú tó ìpolówó ọjà pé àwọn àwòrán náà kò fi ojú géèmù tí wọ́n tà hàn bí ó ti rí.

Ìròyìn kan tí ó tàn kálẹ̀ ní ọdún 2018 tún jọ mí lójú nípa géèmù yìí. Àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀ máa ń hùwà bí òmùgọ̀, wọn kò mọ bí a ti ń dọdẹ ènìyàn. Ẹnì kan wá rí àṣìkọ nínú fáìlì rẹ̀: níbi tí ó yẹ kí wọ́n kọ “tether”, “teather” ni wọ́n kọ. Lẹ́tà kan ṣoṣo! Nígbà tí wọ́n yọ lẹ́tà náà kúrò, ìwà àwọn ẹ̀dá náà sàn sí i. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi tí ẹ máa ń kùn pé àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá ń yọ wá lẹ́nu lórí àmì ohùn, ẹ rántí pé àmì ohùn nìkan ni ó ya eegun inú ara wa sọ́tọ̀ kúrò lára eégún tí ń jó lójú agbo.

Lẹ́yìn ìjákulẹ̀ yìí, àwọn tí ó ṣe Alien: Isolation ní ọdún 2014 gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n padà sí ọdún 1979. Wọ́n gba àwòrán, ètò ilé àti ohùn tí wọ́n lò fún fíìmù àkọ́kọ́, wọ́n sì ń yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní kí wọ́n tó kọ́ tiwọn. Amanda, ọmọ Ripley, ni à ń ṣe nínú géèmù náà, ọdún 15 lẹ́yìn ìtàn àkọ́kọ́. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹ̀dá kan ṣoṣo ni ó ń lé wa kiri, ìbọn kò sì lè pa á. Ohun tí a lè ṣe ni kí a sá pamọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù tàbí sábẹ́ tábìlì, kí a má mí sókè. Ọgbọ́n inú ẹ̀rọ náà pín sí méjì: ọ̀kan mọ ibi tí a wà nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n òfófó díẹ̀ ni ó ń ṣe fún ẹ̀dá náà, ẹ̀dá náà fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ojú àti etí wá wa rí. Àwọn ẹ̀rọ kan tilẹ̀ lè gbọ́ ariwo inú yàrá tí a ti ń ṣeré. Bí ìyá ẹni bá ké pe ni láti ilé ìdáná, abàmì ẹ̀dá náà lè gbọ́ pẹ̀lú!

Nínú àfikún kan tí wọ́n ṣe sí géèmù náà, Sigourney Weaver, Tom Skerritt, Veronica Cartwright, Harry Dean Stanton àti Yaphet Kotto padà wá, wọ́n fi ohùn àti àwòrán ojú wọn kún un. Bọ́lájí kò lè padà wá. Ó ti kú ní Èkó ní oṣù kejìlá ọdún 1992, ní ẹni ọdún 39. Àìsàn fòníkúfọ̀ladìde ni ó pa á.

Ibí yìí ni ìtàn náà ti kan ilé wa. Àbúrò mi ọkùnrin ní àìsàn yìí. Nígbà tí ara bá ń ro ó, orí ibùsùn ni ó máa ń wà, géèmù sì ni ó fi máa ń gbàgbé ìrora. Òun gan-an ni ó ń retí apá kejì yìí jù mí lọ. Ní ọjọ́ tí mo sọ fún un nípa Bọ́lájí, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé àìsàn yìí wà lára rẹ̀ nígbà tí ó wọ aṣọ yẹn?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n máa ń bí i mọ́ni ni. Ó ní kí n tún ìtàn náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹnì kan lè takò mí pé a kì í sọ orúkọ ẹni tí ó wà lábẹ́ eégún, ará ọ̀run ni. Òótọ́ ni, nínú ìgbàlẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ń bọ̀wọ̀ fún eégún mọ ìdí tí wọ́n fi pa orúkọ mọ́, àwọn àgbà agbo ilé kò sì gbàgbé ẹni tí ó jó. Sinimá kò ní ìgbàlẹ̀. Ẹni tí a kò bá dárúkọ rẹ̀ níbẹ̀, ó sọnù nìyẹn. Àwọn tí ó ṣe géèmù ọdún 2014 tún ìrísí ẹsẹ̀ ẹ̀dá náà ṣe, kí ẹnikẹ́ni má baà rántí pé ènìyàn wà nínú aṣọ rí. Ọgbọ́n iṣẹ́ ni, n kò bá wọn jà. Àwa ni kò yẹ kí a gbàgbé.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, bí géèmù tuntun náà bá dé, ẹ má kàn sọ pé ìṣekúṣe àwọn ọmọdé ni. Géèmù àgbàlagbà ni, ẹ má fún ọmọ kékeré, ṣùgbọ́n ẹ sọ ìtàn rẹ̀ fún wọn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ má sanwó nítorí ìpolówó. Ẹ jẹ́ kí àwọn mìíràn ṣe é kí ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n bá sọ, kí ọ̀rọ̀ ọdún 2013 má tún ṣẹlẹ̀ sí yín. Tí ẹ bá sì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, tí ẹ̀dá gíga dúdú náà ń kọjá lọ níta, tí ọkàn yín ń lù kìkì, ẹ bẹ̀rù rẹ̀ dáadáa. Ẹ kàn máa rántí pé ọmọ Èkó kan ni ó kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin ìrìn náà, Bọ́lájí Bádéjọ sì ni orúkọ rẹ̀.