Ọtí, Èèwọ̀ Ọbàtálá àti Ikú Òde-Ìrèlè

Ẹ̀yin àgbà awo àti gbogbo ọmọ Ifá, ọ̀rọ̀ ọtí kì í ṣe àjèjì nílé Yorùbá. Ẹnu àwọn baba wa ni a ti gbọ́ ọ pé nígbà tí Olódùmarè rán Ọbàtálá wá dá ilẹ̀ ayé, ẹmu ọ̀pẹ ló mu yó, ló bá sùn lọ fọnfọn, tí Odùduwà fi gba iṣẹ́ náà ṣe. Ìdí nìyẹn tí ẹmu fi di èèwọ̀ fún àwọn ọmọ Ọbàtálá. Ẹ wò ó, àwọn baba wa kò fi ohun tó ṣẹlẹ̀ bò. Wọ́n dárúkọ ẹmu.

Nígbà tó fi máa di ìparí ọ̀rúndún 19, jíìnì ti ń ti Hamburg àti Rotterdam wọ èbúté Èkó lọ́pọ̀ yanturu, owó orí rẹ̀ sì wà lára owó tó pọ̀ jù tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń rí gbà níbẹ̀. Lọ́dún 1919, àwọn ìjọba òyìnbó fọwọ́ sí ìwé ní Saint-Germain pé kí irú ọtí òwò bẹ́ẹ̀ má wọ ilẹ̀ Áfíríkà mọ́. Láti nǹkan bí 1930, nígbà tí owó wọ́n, tí ọtí òyìnbó sì gbówó lórí, àwọn èèyàn wa gbájú mọ́ fífi ẹmu se ògógóró. Ìjọba fòfin dè é, wọ́n ń mú àwọn tó ń sè é jù sẹ́wọ̀n. Iṣẹ́ náà kò kú o. Inú igbó ló sá wọ̀. Ohun tí wọ́n bá sì ń ṣe ní kọ̀rọ̀, ta ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò?

Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ikú òjijì bẹ́ sílẹ̀ ní agbègbè Òde-Ìrèlè, Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Orí á fọ́ni, ojú á ṣókùnkùn, kò sì ní pẹ́ tí onítọ̀hún á fi dákú. Ó lé ní èèyàn 15 tó bá a lọ. Ariwo ta pé òrìṣà ìlú ló ń bínú. Àyẹ̀wò ló fi hàn pé methanol ni, inú ògógóró ni wọ́n sì ti mu ún. Methanol jọ ọtí lójú, ó jọ ọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n tó bá dénú tán, ẹ̀dọ̀ á sọ ọ́ di májèlé tó ń fọ́ ojú, tó ń pani. Ilé ìwòsàn ní oògùn tó lè ṣẹ́ ẹ, bí wọ́n bá tètè gbé aláìsàn débẹ̀.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa awo. Ìwádìí tí ìjọba àti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ní 2018 sọ pé bíi mílíọ̀nù 14 èèyàn ní Nàìjíríà ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan. Igbó, tramadol àti omi ikọ́ oní-codeine ń da orí ọmọ rú, àwọn òbí á ní ayé ló ṣe é, wọ́n á gbé e wá sójú ọpọ́n. Kí ọ̀pẹ̀lẹ̀ tó balẹ̀, ẹ jẹ́ ká bi wọ́n léèrè: kí ló mu? Kí ló fà símú? Bó bá jẹ́ ti ilé ìwòsàn, ẹ jẹ́ ká ní kí wọ́n sáré gbé e lọ. Ẹbọ kò ní sá lọ. Ẹ má jẹ́ ká di ẹ̀bi ìgò ru òrìṣà.

Àbọrú, àbọyè.