Okùn, Òòfà àti Bàbà: Ìtàn Pípààrọ̀ Píkọ́ọ̀pù Jìtá

Nínú gbogbo ẹ̀yà ara jìtá oníná, kò sí èyí tí àwọn olórin ń jiyàn lé lórí tó ohun pẹlẹbẹ kékeré tó wà lábẹ́ okùn rẹ̀. Píkọ́ọ̀pù ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù tó ń jẹ́ orúkọ kan náà kò sí nínú èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ni orúkọ àwọn méjèèjì ti wá: ọ̀kan ń gbé ẹrù, èkejì ń gbé ohùn.

Òòfà ni ọkàn píkọ́ọ̀pù. Wáyà bàbà tó tín-ín-rín bí irun orí ni wọ́n wé yí òòfà náà ká ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Nígbà tí okùn irin bá ń gbọ̀n lókè rẹ̀, agbára òòfà náà a máa yí padà bí okùn ṣe ń lọ tó ń bọ̀, ìyípadà yìí a sì bí iná mànàmáná tó kéré jọjọ nínú wáyà. Iná yìí ni áńpílífáyà ń sọ di ńlá kí sípíkà tó sọ ọ́ di ohùn. Ẹni tó bá tú píkọ́ọ̀pù kan kúrò, tó sì jó òmíràn mọ́ àyè rẹ̀, kò pààrọ̀ igi, kò pààrọ̀ okùn, ọwọ́ tó ń ta jìtá náà kò sì yí padà. Síbẹ̀ ohùn tó máa jáde lè dà bí ti ẹlòmíràn. Onílù tó ti ṣí awọ gángan rí, tó fi awọ mìíràn bò ó, mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí.

Kí ni olórin ń wá gan-an nígbà tó bá fi owó ra píkọ́ọ̀pù tuntun? Àwọn tó ń tà á a máa dáhùn pé ohùn tó dára jù ni. Ìtàn kò gbè wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ìtàn fi hàn ni pé àdéhùn ni píkọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan jẹ́ láàárín ohun méjì tí kì í fẹ́ bára wọn gbé: ohùn tó mọ́ gaara nígbà tí okùn bá dún, àti ìdákẹ́rọ́rọ́ nígbà tí okùn kò bá dún. Ẹni tó bá mú púpọ̀ nínú ọ̀kan yóò san nǹkan nínú èkejì.

Àìtó ohùn ló bí píkọ́ọ̀pù. Láàárín ọdún 1920 sí 1930, fèrè àti ìlù àwọn ẹgbẹ́ olórin ijó ní Amẹ́ríkà ń ró kíkankíkan, ta ni yóò wá gbọ́ jìtá? George Beauchamp, tó ń ta jìtá Hawaii ní ìlú Los Angeles, wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ká lára. Jìtá Hawaii kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ ọrùn. Orí itan ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí, tí wọ́n ń fi irin yọ̀ lórí okùn rẹ̀. Beauchamp àti Adolph Rickenbacker gbé èyí tó ní píkọ́ọ̀pù jáde sọ́jà ní ọdún 1932. Ó rí roboto, ọrùn rẹ̀ gùn, àwọn ènìyàn sì fi páànù ìdínyin pè é. Ọdún 1934 ni Beauchamp béèrè fún ìwé àṣẹ ìjọba tí ń dáàbò bo iṣẹ́ àtinúdá, ọdún 1937 ni ó sì tó rí i gbà. Kó tó di ìgbà náà, àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ti ń ṣe tiwọn.

Àwọn olólùfẹ́ jùjú kì í ṣe àjèjì sí ìdílé yìí. Èyí tí Démọ́lá Adépọ̀jù ń ta nínú ẹgbẹ́ Ọba Sunny Adé, tí ohùn rẹ̀ ń yọ̀ bí omi nínú àwo Juju Music ti ọdún 1982, ìran jìtá orí itan náà ni.

Gibson gbé ES-150 jáde ní 1936. Charlie Christian, tó wọ ẹgbẹ́ Benny Goodman ní 1939, tó sì kú ní 1942 lẹ́ni ọdún 25, ló fi í hàn pé jìtá lè dá dúró níwájú fèrè kó máa sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n píkọ́ọ̀pù kò mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́. Wáyà tí ń gba ohùn okùn náà ló ń gba ìdààmú iná láti ara gílóòbù, tiransífọ́mà àti wáyà inú ògiri. Ní Amẹ́ríkà, iná ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, sípíkà a sì máa kùn bí oyin tó wà nínú agbè. Ní Nàìjíríà àti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ìgbà 50 ni, nítorí náà kíkùn tiwa fi díẹ̀ rẹlẹ̀. Etí tó bá mọ ohùn òkè yàtọ̀ sí ohùn àárín lè dá méjèèjì mọ̀ láìsí ẹ̀rọ.

Seth Lover, onímọ̀ rédíò tó ń ṣiṣẹ́ fún Gibson ní ìlú Kalamazoo, ìpínlẹ̀ Michigan, ló ṣe oògùn kíkùn náà. Ó gbé wáyà méjì tí wọ́n wé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn; ó jẹ́ kí òòfà ọ̀kan kọjú sí òdìkejì ti èkejì, ó sì so àwọn wáyà náà pọ̀ ní òdìkejì bákan náà. Ohùn okùn tó wọ inú méjèèjì a máa gbe ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Kíkùn tó wọ inú méjèèjì a máa pa ara rẹ̀ rẹ́. Oṣù Kẹfà ọdún 1955 ni ó béèrè fún àṣẹ, oṣù Keje ọdún 1959 ni wọ́n fún un. Kí àṣẹ tó dé, Gibson ń lẹ ìwé pélébé mọ́ ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù náà láti fi sọ pé a ti béèrè fún un. Lẹ́tà mẹ́ta tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta inú gbólóhùn náà ní Gẹ̀ẹ́sì, PAF, ni àwọn olórin ń fi pè é títí di òní.

Ìdákẹ́rọ́rọ́ ni Lover ń wá, ó sì rí i. Ohun tó fi san án ni díẹ̀ lára ohùn òkè, nítorí pé ibi méjì ni píkọ́ọ̀pù rẹ̀ ti ń gbọ́ okùn kan ṣoṣo, àwọn ohùn tó ga jù a sì máa pa ara wọn lẹ́nu mọ́ láàárín ibi méjèèjì. Síkúrúù mẹ́fà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ lórí rẹ̀ kò tilẹ̀ sí nínú àwòrán tó fi béèrè fún àṣẹ. Àwọn tó ń bá Gibson ta ọjà ló fẹ́ ẹ, kí wọ́n lè rí nǹkan sọ fún oníbàárà.

Nígbà tó yá tí Gibson pààrọ̀ ìwé pélébé náà sí èyí tó ní nọ́ńbà àṣẹ, nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí i, 2,737,842, kì í ṣe ti Lover rárá. Ti Les Paul ni, èyí tó gbà lórí irin tí ń so okùn mọ́ ìdí jìtá. Àwọn kan ní àṣìṣe ni. Àwọn mìíràn ní ọgbọ́n ni, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe àdàkọ lè ṣìnà.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é pàápàá kò rí gún régé. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wé wáyà nígbà náà kì í fúnra rẹ̀ dúró. Òṣìṣẹ́ ló ń pinnu pé ó tó. Nǹkan bí ìgbà 5,000 ni wọ́n fojú sùn fún apá kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n òmíràn kọjá bẹ́ẹ̀, òmíràn kò tó o. Òòfà tó bá wà nílẹ̀ ni wọ́n ń lò. Ní nǹkan bí ọdún 1959, ike dúdú tí wọ́n ń wé wáyà lé wọ́n, wọ́n sì lo èyí tó ní àwọ̀ wàrà. Àwọ̀ ike kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ohùn, síbẹ̀ owó gọbọi ni àwọn tó ń kó jìtá àtijọ́ jọ ń san lé e. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá ní òun ń wá ohùn PAF ń wá ohun tí kò fìgbà kan jẹ́ ẹyọ kan.

Ní Fullerton, ní California, Leo Fender, tó ti fi rédíò títúnṣe jẹun rí, gba ọ̀nà kejì. Stratocaster tó gbé jáde ní 1954 ní píkọ́ọ̀pù mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pẹ̀lú wáyà wíwé kan ṣoṣo. Ó ń kùn, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ mọ́ bí agogo. Abigail Ybarra, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1956 tó sì fẹ̀yìn tì ní 2013, wà lára àwọn obìnrin tó ń fi ìka darí wáyà náà bí ẹ̀rọ ṣe ń yí. Wáyà tí ọwọ́ darí kì í tò gbọọrọ. Àlàfo díẹ̀díẹ̀ a máa wà nínú rẹ̀, ohùn òkè a sì máa rí ọ̀nà jáde.

Ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì ni ènìyàn ti lè ra píkọ́ọ̀pù tí yóò dè mọ́ jìtá onígi. Ṣùgbọ́n kí wọ́n yọ èyí tí ilé iṣẹ́ ṣe mọ́ jìtá oníná kúrò, kí wọ́n fi ti ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀, kò tíì di òwò. Ọdún 1966 ni ojú yí, nígbà tí àwo tí Eric Clapton bá John Mayall ṣe jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Jìtá Les Paul tó ní píkọ́ọ̀pù Lover ni Clapton lò, irú èyí tí Gibson ti dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró, ó sì yí áńpílífáyà Marshall sókè débi tí ohùn fi ha. Gbogbo ọ̀dọ́mọkùnrin onijìtá fẹ́ irú rẹ̀. Gibson dá Les Paul padà sọ́jà ní 1968, àmọ́ àwọn olórin ní kì í ṣe ti àtijọ́.

Inú àlàfo yìí ni Larry DiMarzio wọ̀ ní New York. Super Distortion tó gbé jáde ní 1972 kì í ṣe àdàkọ iṣẹ́ Lover. Ó fi òòfà sẹ̀rámíìkì sí i, ó sì wé wáyà púpọ̀ sí i, tó fi jẹ́ pé iná tó ń ti inú rẹ̀ jáde ń mú kí áńpílífáyà ha kíákíá. Ohùn òkè ló fi san án. Seymour Duncan, tó ti bá àwọn olórin tún píkọ́ọ̀pù wé ní Lọ́ńdọ̀nù, dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Santa Barbara ní 1976. Ọdún yẹn náà ni ilé iṣẹ́ tó padà ń jẹ́ EMG bẹ̀rẹ̀, èyí tó ń fi bátìrì ran píkọ́ọ̀pù lọ́wọ́.

Eddie Van Halen kò dúró de ẹnikẹ́ni. Jìtá tó lò nínú àwo ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ọdún 1978, ìrísí Fender ló ní, ṣùgbọ́n píkọ́ọ̀pù Gibson àtijọ́ ló gbé sínú rẹ̀. Píkọ́ọ̀pù náà ń han gooro bí áńpílífáyà bá lọ sókè, torí pé wáyà inú rẹ̀ kò dì. Van Halen yọ́ ìda, ó rì í sínú rẹ̀; ó ba mélòó kan jẹ́ kó tó mọ ìwọ̀n ooru tí ike lè fara dà. Àwọn onílù bàtá, nílé àti ní Cuba, ti ń lẹ ìda mọ́ ojú ìyá ìlù tipẹ́ kí ohùn rẹ̀ má baà kọjá bó ṣe yẹ.

Ìgbà yìí ni òfò náà ṣẹlẹ̀. Àìmọye Stratocaster àti Les Paul ìgbà 1950 sí 1959 ni wọ́n gbẹ́ igi inú wọn kí píkọ́ọ̀pù tó tóbi jù lè gba ibẹ̀, igi tí a bá sì ti gbẹ́ kò ṣe é lẹ̀ padà. Wọ́n yọ PAF kúrò kí wọ́n lè fi Super Distortion sí i. Lónìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni wọ́n ń ta méjì lára ohun tí wọ́n jù sínú àpótí irinṣẹ́ nígbà náà. Ẹ̀bi olórin ọdún 1975 tó nílò ohùn tó ròkè lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kò pọ̀: irinṣẹ́ ló rà, kò ra ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ẹni tó gbẹ́ tirẹ̀ kìkì nítorí pé aládùúgbò gbẹ́ tirẹ̀ ni ènìyàn kò rí àwáwí ṣe fún.

Títí di òní, nọ́ńbà ohm tí wọ́n ń tẹ̀ sára páálí ló ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà. Wọ́n rò pé èyí tó pọ̀ jù ló lágbára jù. Bẹ́ẹ̀ ohm kò sọ ju bí wáyà ṣe gùn tó àti bó ṣe tín-ín-rín tó. Wáyà tó tín-ín-rín jọjọ lè ní ohm púpọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n wé e púpọ̀. Bọ́tìnì tí ń dín ohùn kù náà ní ipa tirẹ̀: 250,000 ohm ni Fender sábà máa ń lò, 500,000 ni Gibson lò mọ́ iṣẹ́ Lover. Ẹni tó gbé píkọ́ọ̀pù Gibson sínú jìtá Fender láìpààrọ̀ bọ́tìnì yóò gbọ́ ohùn tó ṣú, yóò sì máa bú ẹni tó wé wáyà. Nígbà mìíràn, síkúrúdíráfà nìkan ni oògùn: bí a bá sọ píkọ́ọ̀pù kalẹ̀ díẹ̀ kúrò lábẹ́ okùn, ohùn tó ki jù a là. Olórin tó ń ṣeré lábẹ́ gílóòbù gígùn, níbi tí jẹnẹrétọ̀ wà tí wáyà ìlẹ̀ kò sì sí, lè rí i pé píkọ́ọ̀pù oníwáyà méjì ló bá ilé ijó náà mu, bí etí rẹ̀ tilẹ̀ fẹ́ràn ti Fender.

Ní ọdún 1994, Seth Lover fúnra rẹ̀, tó ti darúgbó, bá Seymour Duncan ṣe píkọ́ọ̀pù kan tó tẹ̀lé èyí tó ṣe ní 1955. Wọ́n wá ike àti ìbòrí irin irú ti àtijọ́, wọn kò sì rì í sínú ìda, nítorí pé ti àtijọ́ kò ní ìda. Lover kú ní 1997. Píkọ́ọ̀pù náà ṣì wà lọ́jà, a sì máa fẹ́ han bíi ti àkọ́kọ́ bí ẹni tó ń lò ó bá yí áńpílífáyà rẹ̀ sókè jù.