Báyódísẹ́ẹ̀lì: epo ọkọ̀ tó ń ti oko wá

Báyódísẹ́ẹ̀lì ni epo tí a ń fi òróró ohun ọ̀gbìn tàbí ọ̀rá ẹran ṣe, tí ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì sì lè mu láìjẹ́ pé a tún inú rẹ̀ tò. Sóyà, ọ̀pẹ, kóró òwú, lárà, ọ̀rá màlúù àti òróró tí wọ́n ti fi dín nǹkan tán, gbogbo wọn ló ṣeé sọ di báyódísẹ́ẹ̀lì. Ó ṣọ̀wọ́n kí ọkọ̀ máa mu ún ní ògidì. Àdàlù òun àti dísẹ́ẹ̀lì inú epo rọ̀bì ni wọ́n sábà ń tà, lẹ́tà B àti nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ló sì ń sọ bí àdàlù náà ṣe rí: ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún B20 jẹ́ báyódísẹ́ẹ̀lì, B100 sì ni ògidì. Ọ̀pọ̀ ìwé ń pè é ní epo tó mọ́, tí kì í sì í tán. Ibi tí òróró inú rẹ̀ ti wá ló ń sọ bóyá ó yẹ fún oríkì yẹn, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì tó ń mu ún.

Èrò yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Níbi ìpàtẹ àgbáyé tó wáyé ní Paris lọ́dún 1900, ilé-iṣẹ́ Otto gbé ẹ́ńjìnnì kékeré kan síta, irú èyí tí Rudolf Diesel ará Jámánì ṣe, òróró ẹ̀pà ló sì fi ń ṣiṣẹ́. Diesel fúnra rẹ̀ ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé ìjọba Faransé ló fẹ́ kí wọ́n dán an wò, nítorí ẹ̀pà tó ń so wọ̀ǹtìwọnti ní àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tó wà lábẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n òróró tútù ki jù, ó sì ń dọ̀tí ẹ́ńjìnnì. Ní 1937, G. Chavanne ti Yunifásítì Brussels gba ìwé àṣẹ oníhùmọ̀ (patent) lórí ọ̀nà tí a fi lè mú un fúyẹ́. Epo pupa láti Congo, tí Belgium ń ṣàkóso nígbà náà, ni wọ́n lò, bọ́ọ̀sì kan sì fi í ná Brussels sí Leuven ní 1938. Epo rọ̀bì kò wọ́n nígbà yẹn, nítorí náà kò sẹ́ni tó tún wo ibẹ̀ títí ọ̀wọ́n gógó epo 1973 àti 1979 fi dé. Ní 1980, Expedito Parente, ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ceará, ní àríwá ìlà-oòrùn Brazil, béèrè fún ìwé àṣẹ tirẹ̀. Nígbà tí ìjọba Brazil yóò fi dìde sí ọ̀rọ̀ náà gan-an, ìwé àṣẹ yẹn ti gbó kọjá ìlò.

Ẹni tó bá ti rí bí àwọn ìyá wa ṣe ń se ọṣẹ ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí. Wọ́n á da òróró pọ̀ mọ́ mẹ́tánọ́ọ̀lù, irú ọtí olóró kan tí ènìyàn kò gbọ́dọ̀ mu, wọ́n á fi kọ́sítíìkì díẹ̀ sí i, wọ́n á sì mú un gbóná dé nǹkan bí ìwọ̀n 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Òróró 100 kílò àti mẹ́tánọ́ọ̀lù bí 10 kílò yóò mú báyódísẹ́ẹ̀lì bí 100 kílò jáde. Gilísẹ́ríìnì bí 10 kílò yóò sì silẹ̀ sísàlẹ̀, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ọṣẹ, ìpara àti oògùn ń rà. Bí omi bá wà nínú òróró náà, tàbí tó bá ti kan, ọṣẹ gan-an ni yóò kún inú àgbá, iṣẹ́ á sì bàjẹ́. Àwọn tó ń polówó epo yìí kì í sábà fi kún un pé gáàsì abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú mẹ́tánọ́ọ̀lù ayé.

Ní ti èéfín, èrè rẹ̀ hàn. Àjọ EPA tó ń bójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà ṣe àkójọ ìwádìí jáde ní 2002: bí a bá fi B100 wé dísẹ́ẹ̀lì lásán, eruku dúdú inú èéfín dín ní nǹkan bí ìdá 47 nínú ọgọ́rùn-ún, kábọ́ọ̀nù mónósáídì, gáàsì tó ń pa àwọn tó sun nínú ilé pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀, sì dín ní 48. Gáàsì náítírójìn ọ́kísáídì, tó ń dá kún ìkùukùu ẹlẹ́gbin orí ìlú ńlá, ni ó lé ní bí ìdá 10. Kò sí imí ọjọ́ nínú rẹ̀ tó nǹkan, bó bá sì dà sílẹ̀, àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ ń tètè jẹ ẹ́ tán. Agbára inú lítà rẹ̀ kan kéré díẹ̀ sí ti dísẹ́ẹ̀lì, èyí tí a fi epo ọ̀pẹ ṣe sì ń tètè dì nígbà òtútù.

Brazil gbìyànjú láti fi òfin so epo yìí mọ́ ìgbésí ayé tálákà, ìdí nìyẹn tí ìtàn rẹ̀ fi yẹ ní rírò. Ní oṣù Kejìlá 2004 ni ìjọba Ààrẹ Lula dá ètò báyódísẹ́ẹ̀lì orílẹ̀-èdè sílẹ̀, òfin 11.097 tẹ̀ lé e ní oṣù Kìn-ín-ní 2005. Wọ́n gbé èdìdì kan jáde, Selo Combustível Social. Ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ kí owó orí òun dín kù, kí àyè sì gba òun dáadáa níbi tí ìjọba ti ń ṣètò ríra epo, gbọ́dọ̀ ra iye kan nínú ohun èlò rẹ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀ olóko kékeré, kó bá wọn tọwọ́ bọ̀wé ṣáájú, kó sì rán onímọ̀ iṣẹ́ ọ̀gbìn lọ sí oko wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún ni fún àríwá ìlà-oòrùn, níbi tí ọ̀dá àti òṣì ti pọ̀ jù. 30 ni fún gúúsù, 10 ni fún àríwá.

Lárà ni wọ́n gbójú lé. Ó ń fara da ọ̀dá, àgbẹ̀ sì lè gbìn ín pọ̀ mọ́ ẹ̀wà nínú oko kan náà. Petrobras, ilé-iṣẹ́ epo rọ̀bì ìjọba Brazil, kọ́ ilé-iṣẹ́ sí Quixadá ní Ceará, sí Candeias ní Bahia àti sí Montes Claros ní Minas Gerais. Àmọ́ òróró lárà ki ju ohun tí òfin epo gbà lọ, àwọn oníkẹ́míkà sì ń san owó gidi lé e fún epo ẹ̀rọ àti ìpara. Ohun tó wá ń ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn ilé-iṣẹ́ ń ra lárà lọ́wọ́ àgbẹ̀ kí èdìdì má bàa bọ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n á tún un tà fún oníkẹ́míkà, òróró sóyà ni wọ́n á sì dà sínú àgbá. Ní 2016, Petrobras ti ilé-iṣẹ́ Quixadá pa.

Àwọn tó jèrè èdìdì náà jù ni àgbẹ̀ gúúsù, ní Rio Grande do Sul àti àyíká rẹ̀, àwọn tó ti ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, katakata àti ọ̀nà tó dára tẹ́lẹ̀. N kò ní pe ìyẹn ní òfo, torí ó fún ẹgbẹ̀ẹgbẹ̀rún ìdílé ní oníbàárà tó dájú. Síbẹ̀, kì í ṣe àwọn ìdílé tí wọ́n torí wọn dá ètò náà sílẹ̀.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló dé tí kì í ṣe ọ̀pẹ. Láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló ti dé Bahia, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní dendê, tí wọ́n sì ń fi epo rẹ̀ dín acarajé, àkàrà tiwa gan-an. Hẹ́kítà ọ̀pẹ kan ń mú epo tọ́ọ̀nù mẹ́ta sí mẹ́rin wá lọ́dún. Ti sóyà kò ju bí ìdajì tọ́ọ̀nù lọ. Ṣùgbọ́n torí oúnjẹ ẹran ọ̀sìn ni wọ́n ṣe ń gbin sóyà. Nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ ni òróró, òróró náà sì ti wà nílẹ̀ lọ́pọ̀ kí ètò èdìdì náà tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìjọba gbé ètò ọ̀pẹ kalẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Pará ní 2010, wọ́n ní orí ilẹ̀ tí igbó ti kúrò tẹ́lẹ̀ nìkan ni kí wọ́n gbìn ín sí. Títí di òní, ìpín ọ̀pẹ nínú báyódísẹ́ẹ̀lì Brazil kò tó nǹkan.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí ni gbogbo ìṣirò rọ̀ mọ́. Ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà kan ní 1998 fi hàn pé báyódísẹ́ẹ̀lì sóyà nínú bọ́ọ̀sì ìlú ń dín gáàsì kábọ́ọ̀nù dáyọ́kísáídì kù ní ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún, torí pé sóyà tí a gbìn ti fa púpọ̀ nínú rẹ̀ mì láti inú afẹ́fẹ́. Ìṣirò yẹn kò ka igbó tí wọ́n lè gé kí oko tó wà. Ní 2008, Joseph Fargione àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Science. Bí wọ́n bá gé igbó Amazon gbin sóyà, yóò tó ọdún 319 kí epo náà tó san gbèsè kábọ́ọ̀nù tí igbó tó kú fi sílẹ̀. Lórí pápá Cerrado ní Brazil, ọdún 37 ni. Ní Indonéṣíà àti Malaysia, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ omi àbàtà kí ọ̀pẹ lè dúró, ó tó ọdún 423. Indonéṣíà náà ni orílẹ̀-èdè tó ti lọ jìnnà jù nídìí àdàlù: B40 ló di òfin níbẹ̀ ní 2025. Àwọn oníṣòwò sóyà ní Brazil fohùn ṣọ̀kan ní 2006 pé àwọn kò ní ra sóyà orí ilẹ̀ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gé igbó rẹ̀ ní Amazon, ṣùgbọ́n àdéhùn náà kò dé Cerrado.

Làpálàpá tí àwọn baba wa ń gbìn yí ọgbà ká ní àkókò òkìkí tirẹ̀. Èso rẹ̀ ní májèlé, nítorí náà kò bá oúnjẹ du nǹkan, wọ́n sì ní ó ń hù níbi tí ohunkóhun kò lè hù. India ṣètò gbígbìn rẹ̀ láti 2003. Ilé-iṣẹ́ epo rọ̀bì BP bá ilé-iṣẹ́ D1 Oils dòwò pọ̀ lórí rẹ̀ ní 2007, ó sì kúrò níbẹ̀ ní 2009. Òótọ́ ni pé làpálàpá kì í kú lórí ilẹ̀ tó ti ṣá. Kì í ṣáà so níbẹ̀ tó bí yóò ṣe pa owó wọlé.

Òróró àlòkù ni kò ní gbèsè igbó lọ́rùn. Ní 2017, wọ́n rí òkìtì ọ̀rá kan nínú kòtò ìdọ̀tí abẹ́ ilẹ̀ Whitechapel ní London, ó gùn ní mítà 250, ó wọn tọ́ọ̀nù 130, apá kan rẹ̀ sì di báyódísẹ́ẹ̀lì. Bọ́ọ̀sì ìlú yẹn tó pọ̀ ti mu B20 tí òróró àlòkù wà nínú rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé kò pọ̀ tó. Bí ó bá sì ti gbówó lórí ju òróró tuntun lọ, ìdánwò á wà fún oníṣòwò láti fi tuntun pe àlòkù, èyí tó ń kọ àwọn aláṣẹ ilẹ̀ Yúróòpù lóminú.

Nàìjíríà náà kọ ìlànà tirẹ̀ sílẹ̀ ní 2007, ó sì fojú sun B20. Orí ìwé ló ṣì wà, kò sì yani lẹ́nu ní orílẹ̀-èdè tó ń ra epo pupa kún tirẹ̀ láti òkè òkun kí ọbẹ̀ tó jinná.

Ní Brazil, òfin 14.993 tí Lula buwọ́ lù ní oṣù Kẹwàá 2024 ní kí àdàlù dé B20 ní 2030. Oṣù Kẹta 2025 ló yẹ kó kúrò ní B14 bọ́ sí B15. Ní oṣù Kejì, ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò agbára níbẹ̀ dá a dúró, nítorí pé oúnjẹ ti wọ́n, òróró sóyà sì wà lára ohun tó gbówó lórí lọ́jà. Oṣù Kẹjọ ni B15 tó bẹ̀rẹ̀.