Ìtàn Freedom House: àwọn tó fi ọ̀nà iṣẹ́ paramedic han Amẹ́ríkà, tí ìdánwò sì tún lé jáde 🧵

1/ Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbé àga súnmọ́bí. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń bi mí pé: "Báwo ni mo ṣe lè di EMT l'Amẹ́ríkà? Oṣù mélòó? Ìdánwò wo?" Màá dáhùn. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí iṣẹ́ yẹn ti ṣẹ̀ wá. Àwọn aláwọ̀ dúdú wà nídìí ẹ̀, ọ̀pọ̀ wa ò sì mọ̀.

2/ Pittsburgh, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ọdún 1965. Ká ní ìyá yín ṣubú lulẹ̀ nínú ilé, ta lẹ máa pè? Ọlọ́pàá ni! Wọ́n á gbé ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó ọ̀daràn dé, wọ́n á tẹ́ màmá sẹ́yìn ọkọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọlọ́pàá méjèèjì á lọ jókòó síwájú. Kò sẹ́ni tó máa dúró ti màmá lẹ́yìn. Ó di ọwọ́ Ọlọ́run.

3/ Láwọn ìlú míì, àwọn asìnkú ló ń gbé aláìsàn. Mi ò ṣàwàdà o. Ọkọ̀ òkú ni wọ́n ń lò, torí òun lèèyàn lè nà gbalaja sí nínú. Ìwé kan tí National Academy of Sciences gbé jáde lọ́dún 1966 sọ pé nǹkan bí ìdajì iṣẹ́ áńbúláǹsì orílẹ̀-èdè náà ló wà lọ́wọ́ àwọn asìnkú tó tó 12,000. Ẹni tó máa rí owó gbà tó o bá kú ló ń sáré gbé ẹ lọ sọ́sibítù!

4/ Ìwé yẹn kan náà sọ pé lọ́dún 1965 nìkan, jàǹbá pa èèyàn 107,000 l'Amẹ́ríkà. Tojú ọ̀nà nìkan jẹ́ 49,000. Àwọn dókítà tó ti Vietnam dé tiẹ̀ ń sọ pé ẹni tí ìbọn bà lójú ogun lè rí ìtọ́jú tó yá ju ẹni tó fara pa ládùúgbò Amẹ́ríkà lọ. Ẹ rò ó wò.

5/ Àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ni Hill District ní Pittsburgh. Àárín àwọn àti ọlọ́pàá ò gún rárá. Tó o bá pè wọ́n, wọ́n lè má tètè dé, wọ́n sì lè má wá rárá. Ẹlòmíì á kúkú jókòó ti àìsàn ẹ̀ sílé.

6/ Ní November 1966, David Lawrence, tó ti ṣe olórí ìlú náà rí, tó tún ti ṣe gómìnà, dákú níbi tó ti ń sọ̀rọ̀ níwájú èrò. Ọkọ̀ ọlọ́pàá ló gbé òun náà. Wọ́n jí ọkàn ẹ̀ padà lọ́sibítù, àmọ́ ọpọlọ ti lọ. Ó kú lọ́jọ́ 21 oṣù yẹn. Tí gómìnà ò bá rí ju ìyẹn lọ, kí ni mẹ̀kúnnù fẹ́ rí?

7/ Dókítà kan wà nílùú yẹn, Peter Safar, ọmọ Austria. Òun wà lára àwọn tó ṣe ìwádìí ohun tá a mọ̀ sí CPR lónìí, ìyẹn títẹ àyà àti fífẹ́ atẹ́gùn sẹ́nu ẹni tí kò mí mọ́. Lọ́dún 1966 yẹn náà ni àìsàn asthma pa ọmọbìnrin ẹ̀, Elizabeth. Ó wá gbájú mọ́ ọ̀rọ̀ kan: ibi téèyàn bá ṣubú sí gan-an ló yẹ kí ìtọ́jú ti bẹ̀rẹ̀.

8/ Ẹnì kan tó ń jẹ́ Phil Hallen, olórí àjọ Falk, ń wá bí iṣẹ́ áńbúláǹsì ṣe máa dé Hill District, kó sì tún pèsè iṣẹ́ fáwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀. James McCoy sì ń darí ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Freedom House. Ọkọ̀ tí wọ́n fi ń ta ẹ̀fọ́ kiri àdúgbò ni wọ́n ní. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàdé, ọ̀rọ̀ wọ̀.

9/ Ọdún 1967, ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn wo ni wọ́n gbà? Àwọn tí ìlú ń pè ní aláìwúlò. Àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ tojú ogun Vietnam dé. Àwọn kan ti ṣẹ̀wọ̀n rí. Àwọn kan ò parí girama, wọ́n sì ràn wọ́n lọ́wọ́ kí wọ́n lè gba ìwé ẹ̀rí. Nǹkan bí 300 wákàtí ni wọ́n fi kọ́ wọn nípa ẹ̀yà ara, CPR, ìtọ́jú ọgbẹ́ àti ọkọ̀ wíwà, wọ́n sì mú wọn wọ ọsibítù lọ fojú rí i.

10/ Lọ́dún 1968, wọ́n jáde sígboro. Lọ́dún àkọ́kọ́, ìpè tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5,800 ni wọ́n jẹ́. Safar ṣírò ẹ̀ pé ẹ̀mí bíi 200 ni wọ́n gbà là. Àwọn "aláìwúlò" náà nìyẹn o.

11/ Kì í ṣe Pittsburgh nìkan o. Frank Pantridge ti ń gbé ẹ̀rọ ọkàn sínú ọkọ̀ ní Belfast. Eugene Nagel ń kọ́ àwọn panápaná ní Miami. Ní California, òfin ò jẹ́ kí ẹni tí kì í ṣe dókítà tàbí nọ́ọ̀sì fúnni lábẹ́rẹ́, ìyẹn ni wọ́n fi ṣe òfin tuntun lọ́dún 1970. Gómìnà Ronald Reagan ló fọwọ́ sí i.

12/ Ọdún 1970 yẹn náà ni wọ́n dá National Registry sílẹ̀, àjọ tó ń ṣe ìdánwò EMT títí dòní. Ìdánwò àkọ́kọ́ wáyé lọ́dún 1971. Ẹ̀kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ là sílẹ̀ nígbà yẹn jẹ́ 81 wákàtí. Ẹ rántí pé 300 wákàtí làwọn Freedom House ti ṣe ṣáájú ìyẹn. Wọ́n ti kọjá ìwọ̀n kí wọ́n tó gbé òṣùwọ̀n dé!

13/ Dókítà Nancy Caroline wá di olórí ìtọ́jú wọn. Obìnrin ogun! Ó máa ń bá wọn wọkọ̀, ó sì ń fi nǹkan tójú ẹ̀ ń rí kọ́ wọn. Ìjọba àpapọ̀ ní kó kọ ẹ̀kọ́ tí gbogbo paramedic Amẹ́ríkà máa lò. Àwọn Freedom House ló kọ́kọ́ fi dánra wò. Ìwé ẹ̀, Emergency Care in the Streets, wà lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ títí dòní.

14/ Ó yẹ kí ìtàn yìí parí síre, àbí? Rárá o. Àwọn àdúgbò òyìnbó náà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé kí ló dé tí irú áńbúláǹsì yẹn ò dé ọ̀dọ̀ àwọn. Dípò kí ìjọba ìlú, lábẹ́ Pete Flaherty, fẹ Freedom House lójú, tiwọn ni wọ́n dá sílẹ̀. Ní October 1975, Freedom House pa.

15/ Wọ́n kó àwọn òṣìṣẹ́ náà wọ tìjọba lóòótọ́. Àmọ́ ìdánwò tuntun dé, ó sì bi wọ́n ní nǹkan tí wọn ò kọ́ wọn. Ẹni tó bá ti ṣẹ̀wọ̀n rí, wọ́n ní kó máa lọ. Àwọn míì rí ara wọn lábẹ́ òyìnbó tí ò mọṣẹ́ tó wọn, wọ́n ń rù wọ́n lẹ́rù dání. Díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń lọ.

16/ Ibi tó dùn mí jù nìyí. Ìwé àṣẹ kì í ṣe nǹkan burúkú. Mi ò fẹ́ kí ẹni tí ò mọṣẹ́ fọwọ́ kan ìyá mi. Àmọ́ nǹkan tí wọ́n ṣe kó lè dáàbò bo aláìsàn, wọ́n sọ ọ́ di ìgbálẹ̀ tí wọ́n fi gbá àwọn tó kọ́lé síta.

17/ Kò pa gbogbo wọn lẹ́nu mọ́ ṣá. John Moon dúró tì í, ó di igbákejì ọ̀gá áńbúláǹsì Pittsburgh, ó sì ń jà kí wọ́n gba aláwọ̀ dúdú síṣẹ́. Mitchell Brown lọ di ọ̀gá áńbúláǹsì ìlú Cleveland.

18/ Ó yá, ìdáhùn ìbéèrè yín. Ìpele mẹ́rin ló wà lónìí: EMR, EMT, AEMT, Paramedic. EMT ò gbà ju oṣù díẹ̀ lọ, ó sábà máa ń lé ní 150 wákàtí. Paramedic máa ń lé ní 1,000 wákàtí, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí lo sì gbọ́dọ̀ lọ. Tó o bá yege ìdánwò National Registry, sátífíkéètì nìyẹn. Kò tíì parí o! Ìpínlẹ̀ tó o wà ló máa fún ẹ ní láísẹ́ǹsì. Wọ́n á yẹ àkọsílẹ̀ ilé ẹjọ́ wò, ọdún méjì-méjì lo sì máa ń tún sátífíkéètì ẹ ṣe.

19/ Nílé ńkọ́? Òfin ìlera ọdún 2014 ti sọ pé ọsibítù ò gbọ́dọ̀ kọ ẹni tó wà ní pàjáwìrì, ètò áńbúláǹsì ìjọba àpapọ̀, NEMSAS, sì ti wà. Ó dáa. Àmọ́ ta ló ń gbé ẹni tó fara pa kúrò lójú títì báyìí? Ọlọ́kadà, onídánfó, ẹni tó ń kọjá lọ.

20/ Lọ́jọ́ tá a bá fẹ́ kọ ìlànà ta ló yẹ kó gba ìwé àṣẹ, ẹ jẹ́ ká pe àwọn yẹn jókòó, ká kọ́ wọn, ká fún wọn níwèé ẹ̀rí. Ká má dúró dìgbà tí ọkọ̀ tuntun bá dé ká tó ní wọn ò kàwé. Ẹ bá mi gbé e kiri. 🙏🏾