Bọ́ọ̀lù ní Òṣogbo àti Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

Ọdún 1907 ni ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo. Òun ló kó oníṣòwò, akọ̀wé àti òṣìṣẹ́ rélùwéè wọ̀lú. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè yìí kì í fi bọ́ọ̀lù ṣeré: ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn ní Èkó gba Ife Gómìnà, ìdíje tó bẹ̀rẹ̀ ní 1945, lọ́pọ̀ ìgbà.

Ọkọ̀ ojú irin ò dé Iléṣà ní tirẹ̀, ilé ìwé ló gbára lé. Ní 1934, Ẹgbẹ́ Àtúnlùúṣe Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà dá Ilesa Grammar School sílẹ̀. Kì í ṣe ìjọba, kì í ṣe ìjọ, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà fúnra wọn ni. Lójú tèmi, pápá ilé ìwé báyìí ni ilé ìkọ́ṣẹ́ bọ́ọ̀lù wa gan-an, kí ẹnikẹ́ni tó máa sọ̀rọ̀ sítédíọ̀mù.

Òfin tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù ti wà tipẹ́. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá 1863 ni àwọn ọkùnrin kan pàdé ní ilé ọtí kan ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n dá Football Association sílẹ̀, nítorí pé òfin ilé ìwé kan ò bá ti èkejì mu. Àwọn tó fẹ́ máa fọwọ́ gbé bọ́ọ̀lù sáré bá tiwọn lọ. Ní 1904, wọ́n dá FIFA sílẹ̀ ní Paris. Bọ́ọ̀lù ti dé ọ̀dọ̀ wa nígbà náà: ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn, àwọn ọmọ ilé ìwé Hope Waddell ní Calabar na àwọn atukọ̀ ojú omi òyìnbó ní 3-2.

Òfin mẹ́tàdínlógún ló wà lónìí. Agbábọ́ọ̀lù 11 ní ìhà kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú 45 lẹ́ẹ̀mejì, ìsinmi tí kò ju ìṣẹ́jú 15 lọ láàárín. Pẹ́náritì wọlé ní 1891. Ọfusáìdì ló ń dá ariwo sílẹ̀ jù níbi ìwòran, bẹ́ẹ̀ kò le: nígbà tí ẹnìkejì rẹ bá gbá bọ́ọ̀lù sí ọ, tí o wà ní ìdajì pápá ti alátakò, tí o sì ṣíwájú bọ́ọ̀lù, ó kéré tán kí alátakò méjì, tí aṣọ́lé lè jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, má jìnnà sí ilé wọn jù ọ́ lọ. Mẹ́ta ni wọ́n ń béèrè títí di 1925. Bí bọ́ọ̀lù bá ti kọ́nà wá, tàbí tí wọ́n fọwọ́ jù ú wọlé, kò sí ọfusáìdì níbẹ̀.

Àwọn ọmọ àdúgbò ní òfin tiwọn ṣá. Bọ́ọ̀lù fẹ̀lẹ̀lẹ̀, òkúta méjì fún ilé, kò sí aṣọ́lé, kọ́nà mẹ́ta sì di pẹ́náritì kan. Lọ́ńdọ̀nù kò kọ ìyẹn sílẹ̀ rí.

Òṣogbo ti ní Prime FC, Osun United àti Osun Babes tí í ṣe ti àwọn obìnrin. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun yìí náà, láti Mọdákẹ́kẹ́, ni Adegboye Onigbinde ti wá, ẹni tó kó Green Eagles, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà tí a ń pè ní Super Eagles báyìí, dé àṣekágbá Ife Áfíríkà ní 1984, kí Cameroon tó na wọ́n ní 3-1 ní Abidjan. Òun náà ló kó Super Eagles lọ sí Ife Àgbáyé 2002, níbi tí wọ́n ti gbá ọ̀mì 0-0 pẹ̀lú Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé ìwé wa, ní Òṣogbo àti ní Iléṣà, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó kọ́ gbọ̀ngán tuntun sórí pápá, ẹ kọ́kọ́ fi ibi tí àwọn ọmọ yóò ti máa gbá bọ́ọ̀lù hàn wá.