Ọdún 1888 ní Bràsíìlì: Bí Oko Ẹrú Ṣe Dópin

Ọdún 1888 ni Bràsíìlì, orílẹ̀-èdè tó tóbi jù lọ ní Gúúsù Amẹ́ríkà, fi òfin pa oko ẹrú rẹ́ pátápátá, lẹ́yìn ohun tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún tí àwọn Pọtogí àti àwọn arọ́pò wọn ti ń fi ẹrú ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Òun ló ṣe é kẹ́yìn nínú gbogbo orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, nítorí pé Kúbà, tó ṣáájú rẹ̀, ti dá ẹrú sílẹ̀ ní ọdún 1886. Òfin tó ṣe iṣẹ́ náà, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Lei Áurea, ìyẹn Òfin Wúrà, ni Ọmọọba Isabel, tó ń delé fún bàbá rẹ̀, fọwọ́ sí ní ọjọ́ 13, oṣù Karùn-ún. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé pé àánú ọmọọba yìí ló tú àwọn ẹrú sílẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá to ìṣẹ̀lẹ̀ ọdún náà lẹ́sẹẹsẹ, a ó rí i pé àwọn ẹrú fúnra wọn ti ń gba ara wọn sílẹ̀ kí òfin tó dé, àti pé ohun tí òfin náà kò fún wọn, ìyẹn ilẹ̀, ẹ̀kọ́ àti ẹ̀tọ́ ìdìbò, di gbèsè tí ilẹ̀ náà kò tíì san tán.

Ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀

Kò sí ilẹ̀ kankan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n kó àwọn ọmọ Áfíríkà lọ tó Bràsíìlì, nítorí nǹkan bíi mílíọ̀nù márùn-ún ènìyàn ni àwọn onímọ̀ ìtàn ṣírò pé wọ́n gúnlẹ̀ síbẹ̀ láàyè. Oko ìrèké ní Bahia àti Pernambuco ni wọ́n kọ́kọ́ ń kó wọn sí, lẹ́yìn náà ni ibi ìwakùsà wúrà ní Minas Gerais, nígbà tó sì di ọ̀rúndún kọkàndínlógún, oko kọfí ní àfonífojì odò Paraíba àti ní São Paulo ló ń gba púpọ̀ nínú wọn. Ogun abẹ́lé tó ba ilẹ̀ Yorùbá jẹ́ ní ọ̀rúndún kan náà ló gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Nàgó lọ́hùn-ún, dé Bahia, àwọn Nàgó tó jẹ́ Mùsùlùmí ló sì ṣe agbátẹrù ọ̀tẹ̀ àwọn Ìmàle tó bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú Salvador ní oṣù Kìíní, ọdún 1835. Ìjọba tẹ ọ̀tẹ̀ náà rì, ó sì lé ọ̀pọ̀ ènìyàn jáde ní ìlú, ṣùgbọ́n ẹ̀rù pé irú rẹ̀ lè tún ṣẹlẹ̀ kò kúrò lọ́kàn àwọn olóko mọ́.

Àwọn òfin tó ṣáájú

Òfin ọdún 1831 ti ka kíkó ẹrú wọlé láti òkè òkun léèwọ̀, ṣùgbọ́n ìjọba kò mú un ṣẹ, ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ni wọ́n sì tún kó wọlé lẹ́yìn rẹ̀, títí àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi ká wọn mọ́, tí òfin mìíràn, tí wọ́n fi orúkọ mínísítà ètò ìdájọ́, Eusébio de Queirós, pè, fi òpin sí òwò orí òkun náà ní ọdún 1850. Láti ìgbà náà lọ, ọ̀nà kan ṣoṣo tí ẹrú tuntun lè gbà wá ni kí wọ́n bí i nílé olówó rẹ̀. Ọ̀nà yìí ni òfin ọjọ́ 28, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1871 fẹ́ dí, nígbà tí Rio Branco, olórí àwọn mínísítà, mú un jáde pé ọmọ tí ẹrúbìnrin bá bí láti ọjọ́ náà lọ kì í ṣe ẹrú mọ́. Yorùbá gbà pé ìbí kò ju ìbí, bí a ti bí ẹrú la bí ọmọ, ṣùgbọ́n òfin yìí kò gbà bẹ́ẹ̀ tán, nítorí ó fi ọmọ náà sọ́wọ́ olówó ìyá rẹ̀ títí yóò fi pé ọdún mẹ́jọ, lẹ́yìn èyí tí olówó náà lè yàn bóyá òun yóò gba owó lọ́wọ́ ìjọba kí òun sì jọ̀wọ́ ọmọ, tàbí kí òun máa lò ó títí yóò fi pé ọdún mọ́kànlélógún.

Òfin kejì irú èyí, tí wọ́n ṣe ní ọdún 1885, dá àwọn tó ti pé ọgọ́ta ọdún sílẹ̀, àmọ́ ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi ọdún mẹ́ta sí i sìn gẹ́gẹ́ bí owó ìtanràn fún olówó wọn. Ìdáhùn àwọn tó ń jà fún òmìnira ni pé ìwọ̀nba ẹrú ló ń dàgbà tó bẹ́ẹ̀, àti pé ẹni tó bá sì dàgbà tó bẹ́ẹ̀ ti fi gbogbo agbára rẹ̀ sílẹ̀ lóko. Síbẹ̀ iye ẹrú ń dín kù: ìkànìyàn àkọ́kọ́ ní ọdún 1872 rí nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ààbọ̀, nígbà tí ìforúkọsílẹ̀ ọdún 1887 rí nǹkan bíi 723,000. Ikú wà nínú ohun tó fà á, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ra ara wọn padà tàbí tí olówó wọn dá sílẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó mì ìjọba jù lọ ni àwọn tó ń sá.

Àwọn tó ja ìjà náà

Ní Ceará, ní àríwá ìlà-oòrùn, àwọn atukọ̀ tó máa ń fi ọkọ̀ pẹẹrẹ gbé ẹrù láti èbúté lọ sínú ọkọ̀ ńlá kọ̀ láti gbé ẹrú ní ọdún 1881. Francisco José do Nascimento, ọmọ aláwọ̀ dúdú tí àwọn ènìyàn sọ ní Dírágónì Òkun, wà lára àwọn aṣáájú wọn, ìpínlẹ̀ náà sì kéde òmìnira gbogbo ẹrú rẹ̀ ní oṣù Kẹta, ọdún 1884, tí ìpínlẹ̀ Amazonas tẹ̀lé e ní ọdún kan náà. Ní São Paulo, Luiz Gama lo ilé-ẹjọ́. Bahia ni wọ́n ti bí i, Nàgó ni òun fúnra rẹ̀ sì kọ ọ́ pé ìyá òun, Luísa Mahin, jẹ́. Bàbá rẹ̀, tó jẹ́ aláwọ̀ funfun, tà á ní kékeré, ṣùgbọ́n ó kọ́ ìwé, ó gba òmìnira ara rẹ̀, ó sì fi òfin gba àwọn tó lé ní 500 ènìyàn sílẹ̀ kí ó tó kú ní ọdún 1882, ó sábà máa ń fi òfin ọdún 1831 tí ìjọba ti pa tì gbé ẹjọ́ rẹ̀ ró.

Ní Rio de Janeiro, akọ̀ròyìn José do Patrocínio, ẹnjiníà André Rebouças, tí àwọn méjèèjì jẹ́ ọmọ aláwọ̀ dúdú, àti aṣòfin Joaquim Nabuco gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìwé ìròyìn, gbọ̀ngàn eré àti ilé aṣòfin. Àmọ́ inú oko kọfí São Paulo ni nǹkan ti le jù. Antônio Bento, tó ti ṣe adájọ́ rí, kó àwọn awakọ̀, òṣìṣẹ́ rélùwéè àti àwọn atẹ̀wé jọ sínú ẹgbẹ́ ìkọ̀kọ̀ kan tó ń ran ẹrú lọ́wọ́ láti sá kúrò lóko, àwọn tó sá náà sì ń dé ibùdó Jabaquara lẹ́bàá èbúté Santos, níbi tí Quintino de Lacerda, tí òun náà ti jẹ́ ẹrú rí, ti ń ṣe olórí wọn. Nígbà tó di ọdún 1887, gbogbo òṣìṣẹ́ oko kan lè dìde lọ́jọ́ kan ṣoṣo kí wọ́n sì rìn jáde. Ìjọba fẹ́ kí ọmọ ogun máa lé wọn padà, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ àwọn ọ̀gágun, tí Deodoro da Fonseca ń darí, bẹ Ọmọọba Isabel ní oṣù Kẹwàá ọdún náà pé kí wọ́n má ṣe fi ọmọ ogun ṣe ọdẹ ènìyàn. Láti ìgbà náà ni àwọn olóko ti mọ̀ pé kò sí ẹni tí yóò bá wọn mú ẹrú wọn padà mọ́.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1888

Nígbà tí ọdún náà wọlé, Olú-Ọba Pedro Kejì wà ní Yúróòpù fún ìtọ́jú àìsàn rẹ̀, Isabel ọmọ rẹ̀ sì ni adelé. Olórí àwọn mínísítà ni Cotegipe, tí kò fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan oko ẹrú kọjá ibi tí òfin ọdún 1885 bá a dé. Ní oṣù Kẹta, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Rio láàárín ọlọ́pàá àti àwọn ọmọ ogun ojú omi, adelé ní kí wọ́n yọ ọ̀gá ọlọ́pàá kúrò, Cotegipe kọ̀, ó sì fi ipò sílẹ̀. João Alfredo Correia de Oliveira ló gba ipò náà ní ọjọ́ 10 oṣù náà, gbogbo ènìyàn sì mọ̀ pé torí ọ̀rọ̀ ẹrú ni wọ́n ṣe yàn án.

Kò sí ẹni tó dúró de ìjọba tuntun yìí. Ìlú São Paulo ti kéde ara rẹ̀ ní ìlú òmìnira ní oṣù Kejì, àwọn olóko ibẹ̀ sì ń fún àwọn ẹrú wọn ní ìwé òmìnira lábẹ́ àdéhùn pé wọn yóò ṣì bá wọn ṣiṣẹ́ fún ọdún díẹ̀, àdéhùn tí ọ̀pọ̀ wọn kò gbà. Ìdí mìíràn tí àwọn olóko São Paulo fi yí ọkàn padà ni pé ìjọba ìpínlẹ̀ wọn ń san owó ọkọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ láti Itálì, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn àjèjì tó wọ ìpínlẹ̀ náà ní ọdún 1888 nìkan fi lé ní 90,000. Àwọn olóko àfonífojì Paraíba, tí ilẹ̀ wọn ti ṣá, tí gbèsè sì ti wọ̀ lọ́rùn, kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀, àwọn ló sì dúró gbọn-in lòdì sí òmìnira dópin. Ní ọjọ́ Àjíǹde, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin, Isabel fúnra rẹ̀ pín ìwé òmìnira ní Petrópolis, ìlú tí ìdílé ọba ti máa ń sinmi, gbogbo ènìyàn sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Oṣù Karùn-ún

Ilé aṣòfin ṣí ní ọjọ́ 3, oṣù Karùn-ún, Rodrigo Silva, mínísítà ètò ọ̀gbìn, sì gbé àbádòfin náà wọlé ní ọjọ́ 8. Ọ̀rọ̀ méjì péré ló wà nínú rẹ̀: àkọ́kọ́ ni pé oko ẹrú parí ní Bràsíìlì láti ọjọ́ tí òfin bá ti jáde, èkejì ni pé gbogbo òfin tó bá lòdì sí èyí ti di asán. Kò sọ̀rọ̀ owó ìtanràn fún olówó ẹrú, kò sì sọ̀rọ̀ ohunkóhun fún ẹrú. Àwọn aṣojú fọwọ́ sí i láàárín ọjọ́ méjì, mẹ́sàn-án péré ni kò gbà, ọ̀pọ̀ jù nínú wọn sì ti ìpínlẹ̀ Rio de Janeiro, ilé àwọn olóko kọfí àtijọ́, wá. Ní ilé ìgbìmọ̀ àgbà, Cotegipe àti ìwọ̀nba àwọn mìíràn takò ó, ṣùgbọ́n ó kọjá ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 13, Isabel sì sọ̀kalẹ̀ láti Petrópolis wá fọwọ́ sí i ní ààfin Rio pẹ̀lú gègé wúrà tí àwọn ará ìlú dá owó rà.

Èrò kún ojúde ààfin dẹ́nu, ayẹyẹ sì gba ọjọ́ mélòó kan. Ní ọjọ́ 17, wọ́n ṣe ìsìn Máàsì ìdúpẹ́ ní gbangba ní São Cristóvão, níbi tí Machado de Assis, òǹkọ̀wé tó lókìkí jù ní ilẹ̀ náà tí àwọn òbí bàbá rẹ̀ ti jẹ́ ẹrú rí, ti wà láàárín èrò. Póòpù Leo Kẹtàlá fi òdòdó wúrà, ẹ̀bùn iyì ti ìjọ Kátólíìkì, ránṣẹ́ sí Isabel lọ́dún náà, àwọn Àgùdà ní Èkó, tí wọ́n jẹ́ ẹrú tó padà wálé àti ọmọ wọn, sì ṣe àjọyọ̀ tiwọn, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ṣì ní ẹbí ní Bahia.

Ìyókù ọdún náà

Kí oṣù Kẹfà tó parí, Cotegipe ti gbé àbá wá sí ilé ìgbìmọ̀ àgbà pé kí ìjọba san owó fún àwọn tó pàdánù ẹrú. Ìjọba kò san án, ọ̀pọ̀ olóko tó ti jẹ́ ènìyàn ọba sì fi ìbínú darapọ̀ mọ́ àwọn tó fẹ́ kí Bràsíìlì di orílẹ̀-èdè olómìnira tí kò ní ọba. Olú-Ọba padà dé ní oṣù Kẹjọ, agbára rẹ̀ sì ti rẹ̀. Láti dáàbò bo Isabel, àwọn kan lára àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira dá Ẹ̀ṣọ́ Dúdú, ìyẹn Guarda Negra, sílẹ̀ ní Rio ní oṣù Kẹsàn-án, ní ọjọ́ 30, oṣù Kejìlá, wọ́n sì kọlu ìpàdé tí Silva Jardim, ẹni tó ń polongo ìjọba aláìlọ́ba, pè, ìjà náà sì le gan-an. Ọdún tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìrètí parí pẹ̀lú ìjà ìgboro.

Ohun tí òfin náà kò sọ

André Rebouças ti ń sọ ọ́ láti ọdún pípẹ́ pé òmìnira láìsí ilẹ̀ kò lè dúró, ó sì fẹ́ kí wọ́n pín oko ńlá fún àwọn tó ń ro ó. Kò sí ẹni tó mú àbá rẹ̀ ṣẹ. Ní ọjọ́ 15, oṣù Kọkànlá, ọdún 1889, Deodoro da Fonseca, ẹni tó ti kọ̀ kí ọmọ ogun máa lé ẹrú, fi ọmọ ogun gba ìjọba lọ́wọ́ Pedro, Rebouças sì bá ìdílé ọba lọ sí ìgbèkùn. Ní ọdún 1890, Ruy Barbosa, mínísítà ètò ìnáwó, pàṣẹ pé kí wọ́n jó àwọn ìwé ìforúkọsílẹ̀ ẹrú, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ìwé fi béèrè owó, ọ̀pọ̀ ìdílé sì pàdánù ẹ̀rí orírun wọn nínú rẹ̀. Òfin ìdìbò yọ ẹni tí kò mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kì í sábà jẹ́ kí ẹrú kàwé, ọdún 1985 ni irú àwọn bẹ́ẹ̀ tó ní ẹ̀tọ́ láti dìbò.

Ìdí nìyí tí ìrántí ọdún 1888 fi pín sí méjì. Ní Santo Amaro, ní Bahia, àwọn ọmọ Candomblé, ìyẹn ẹ̀sìn òrìṣà ti Bràsíìlì, ti ń lu ìlù ní ọjà ní gbogbo ọjọ́ 13, oṣù Karùn-ún láti ọdún 1889, àjọ̀dún tí wọ́n ń pè ní Bembé do Mercado, tí ìjọba sì ti kà mọ́ ogún àṣà orílẹ̀-èdè. Àwọn ẹgbẹ́ aláwọ̀ dúdú ní Porto Alegre ní tiwọn yan ọjọ́ 20, oṣù Kọkànlá, ní ọdún 1971, ọjọ́ ikú Zumbi, olórí ìlú àwọn tó sá fún oko ẹrú ní Palmares, ọjọ́ náà sì di ìsinmi gbogbo orílẹ̀-èdè láti ọdún 2024. Òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1988, tí wọ́n kọ ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn Òfin Wúrà, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà pé ilẹ̀ tí àwọn ọmọ irú ìlú bẹ́ẹ̀ ń gbé jẹ́ tiwọn. Ìjà lórí ilẹ̀ yìí kò tíì parí, ó sì fi hàn pé òfin ọjọ́ 13, oṣù Karùn-ún, ọdún 1888 fi ìwé ti òmìnira tí àwọn ẹrú ti ń gbà lẹ́yìn ni, ó sì fi iṣẹ́ tó kù sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wọn.